Ohun Tí Mo Ní Kí Wọ́n Kọ Sẹ́yìn Fọ́ọ̀mù Iṣẹ́ Awakọ̀ Rẹ

Ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ṣé o jí ire, ṣé ara le, ṣé yàrá tí o gbà kò jò mọ́, ṣé ẹni tó ni ilé kò yọ ọ́ lẹ́nu? Mo ní kí Aránṣọ kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan báyìí, nítorí ìkíni ní í jẹ ìwé tán. Òun náà kí ọ. Òun ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láàárín ẹ̀rọ ìránṣọ àti aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé tí kò tíì ní apá, nítorí náà bí o bá rí ibi tí ìwé rẹ̀ ti fẹjú tó sì tún fún pọ̀, oníbàárà ló wọlé. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí á máa gbúròó ara wa sí rere. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, àfi ògiri ẹ̀yìnkùlé. Àbúrò bàbá rẹ wó o, ó ní àwọn mọlémọlé ń rẹ́ni jẹ, òun yóò fi ọwọ́ ara òun tún un mọ. Ó mọ ọ́n dé ìdajì, ó gun orí rẹ̀ kó lè wò ó bóyá ó tọ́, ògiri dúró, òun ló wó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́. Má fò sókè, kò kú, ó ti padà wálé láti ilé ìwòsàn, ẹnu rẹ̀ sì ti gba iṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe. Dókítà po nǹkan funfun kan bíi sìmẹ́ńtì, ó fi rẹ́ ẹsẹ̀ náà yíká, ó dán. Iṣẹ́ ògiri kan ṣoṣo tó parí nínú ilé wa lọ́dún yìí nìyẹn. Èmi fúnra mi, orúnkún ọ̀tún ń ro mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ti òsì ń ro mí bí ó bá ti dá, nítorí náà kò sí ọjọ́ tí n kò rí nǹkan sọ.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù rẹ ló kàn. Ọjọ́ Ajé ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì fi í lé mi lọ́wọ́. O ti là á yé mi lórí fóònù Aránṣọ pé ilé iṣẹ́ kan ń wá awakọ̀ fún àwọn tó ní ọkọ̀, pé ọkọ̀ ọ̀gá àgbà wà níbẹ̀, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn wà, bọ́ọ̀sì èrò àti ti àwọn ọmọ ilé ìwé wà, ọkọ̀ òkú pàápàá wà. O ní o ti wa ọkọ̀ níwájú wọn, o yege, ìwà ló kù, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà ni yóò sì sọ ìwà rẹ, kí wọ́n lè mọ ọkọ̀ tí wọn yóò gbé lé ọ lọ́wọ́, tàbí kí wọ́n ní kí o máa lọ. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọn yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ fọ́ọ̀mù. Mo mọ̀ pé láti ìgbà tí ilé ìfọṣọ tí o ń bá ṣiṣẹ́ ti kógbá wọlé, èyí nìkan ni o gbójú lé. Lẹ́yìn náà ni o wá rẹ ohùn sílẹ̀, o ní, Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà sọ pé mo ní sùúrù, ọkọ̀ ọ̀gá àgbà ni mo fẹ́, atẹ́gùn tútù wà nínú rẹ̀, aṣọ funfun ni wọ́n sì fi ń wà á. Mo ní mo gbọ́. Mo gbọ́ kì í ṣe mo gbà.

Èmi kì í jẹ́rìí ohun tí n kò mọ̀. Ìwọ, mo mọ̀ ọ́. Iṣẹ́ awakọ̀ ni n kò mọ̀. Lójú tèmi tẹ́lẹ̀, awakọ̀ àti èrò kò yàtọ̀, gbogbo wọn ló jókòó tí ọkọ̀ ń gbé lọ, àfi pé ẹnì kan di nǹkan róbótó mú. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n ń béèrè ìwà? Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn bí eéṣú ń jẹ ewé. Ni mo bá mú ọ̀pá mi, mo lọ ń wádìí.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó mú fọ́ọ̀mù wá ni mo kọ́kọ́ mú. Ó ń jẹun lọ́wọ́, kò lè sá. Mo ní kí ni ènìyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó lè máa gbé èrò lọ sọ́nà jíjìn. Ó ní ojú tó ríran. Mo ní ewúrẹ́ náà ríran. Ó jẹ òkèlè méjì sí i, ó ní, Màmá, kí n má purọ́ fún yín, ó gbọ́dọ̀ lè mú ìtọ̀ dúró. Ìyẹn ni mo gbà gbọ́. Ó tún ní èébú kò gbọdọ̀ máa dun ènìyàn, pé ẹni mẹ́rìnlá ló ń wà lẹ́yìn òun, gbogbo wọn ló mọ ọkọ̀ wà ju òun lọ, pé ẹni tó ń sọ pé òun ti sáré jù ló máa ń jókòó ti ẹni tó ń béèrè bóyá ojú ọ̀nà ni àwọn máa sùn, àwọn méjèèjì ni òun sì ń dá lóhùn pé ẹ ṣé o. Mo rántí ìwọ. Nígbà tí o fi kẹ̀kẹ́ gbé àbúrò bàbá rẹ lọ sọ́jà, tó sọ fún ọ lẹ́ẹ̀mejì pé kí o wo iwájú, ṣé kì í ṣe ìwọ lo dúró, tí o sọ̀ kalẹ̀, tí o fa kẹ̀kẹ́ lé e lọ́wọ́, tí o fẹsẹ̀ rìn wálé? Mo yọ bọ́ọ̀sì kúrò.

Obìnrin kan ń wa ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé níbí báyìí, ó máa ń gbé aṣọ wá fún Aránṣọ. Mo bi í léèrè. Ó ní iṣẹ́ náà, kíkà ni. O ka àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n ń wọlé, o kà wọ́n nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, o wá yẹ abẹ́ àga wò nítorí ọ̀kan máa ń sùn síbẹ̀. Ó ní ó ti wọ òun lára débi pé òun ń ka àwọn ọmọ òun nídìí oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ méjì péré ni wọ́n. Mo ní ọmọ ọmọ mi mọ nǹkan kà. Ó ní ṣé ó mọ bí a ṣe ń bá àwọn ìyá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì, àwọn tó ń ní kí a dúró, ọmọ àwọn ṣì ń wá bàtà? Mo yọ ti àwọn ọmọ ilé ìwé náà kúrò.

Ẹni tí mo fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀ jù ni bàbá tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Dákẹ́, tó ń gbé ẹ̀yìn ilé elépo. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi wa ọkọ̀ fún ọ̀gá ńlá kan kó tó fẹ̀yìn tì. Yàrá rẹ̀ mọ́ ju ilé ìwòsàn lọ. Bàtà mẹ́ta tò sẹ́bàá ògiri, gbogbo wọn kọjú sọ́nà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pè. Kò dá mi lóhùn títí mo fi parí ìbéèrè mi pátápátá, lẹ́yìn náà ló dìde, ó fa àga fún mi, ó dúró títí mo fi jókòó. Ó ní wíwa ọkọ̀ kọ́ ni iṣẹ́ náà, dídúró ni. Ó ní ènìyàn lè dúró lẹ́nu géètì láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, aṣọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ rún, kò gbọdọ̀ sùn, bí ọ̀gá bá sì dé, kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀. Ó ní etí awakọ̀ ọ̀gá gbọ́dọ̀ gbọ́ yà sósì, yà sọ́tùn-ún, kó sì di sí ìyókù.

Ọ̀rọ̀ náà wú mi lórí, mo fẹ́ dán an wò. Obìnrin kan wà tó máa ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀ láyé ìgbà náà, gbogbo wa la rí i, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Mo ní ta ni. Bàbá Dákẹ́ wo ògiri. Mo béèrè gba ọ̀nà mìíràn, mo ní ṣé àbúrò ọ̀gá ni. Ó ní ọ̀dà ògiri òun ti ń ṣí. Mo ní ó dà bíi pé ó lóyún nígbà kan. Ó ní kí n rọra bí mo bá ń lọ, òkúta wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbà pé awakọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọ egungun, nítorí ó ti tó ogún ọdún tí mo ti fẹ́ mọ̀. Wàyí o, ìwọ tí o sọ fún gbogbo agboolé pé eyín iwájú àbúrò bàbá rẹ kì í ṣe tirẹ̀, kí ni ìwọ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?

Ọjọ́rú ni àbúrò bàbá rẹ ṣubú. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn dé, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́yìn pẹ̀lú nọ́ọ̀sì, èmi jókòó síwájú. Mo rí fóònù kan níbẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀, obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń sọ ọ̀nà fún awakọ̀. Èdè ilé ìwé ló ń sọ, awakọ̀ ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo kí i. Kò dáhùn, ó ní kí awakọ̀ yà sọ́tùn-ún níwájú. Mo kọ́kọ́ rò pé ìgbéraga ni, kí n tó rántí pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo bi awakọ̀ pé níbo ló jókòó sí tó fi ń rí ọ̀nà àdúgbò wa. Ó ní òkè ni wọ́n ti ń wò ó. Mo yọjú, n kò rí ilé gíga kankan, ṣùgbọ́n ojú mi ti di ti àgbà. Awakọ̀ ní kì í ṣe ènìyàn. Mo ní kò dáa kí á máa sọ bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ń ràn wá lọ́wọ́.

Nígbà tí a dé oríta, àwọn màlúù dí ọ̀nà, awakọ̀ kọjá ibi tó yẹ kó yà. Mo retí kí obìnrin yẹn bú u. Èmi ì bá bú u. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá sọ ọ̀nà mìíràn fún un, ohùn kan náà. Wọ́n ti gbẹ́ ọ̀nà yẹn náà. Ó tún sọ òmíràn, ohùn kan náà. Mo ní ọkọ obìnrin yìí ń gbádùn. Awakọ̀ ní kò lọ́kọ. Mo ní ìyẹn ló jẹ́ kí ohùn rẹ̀ balẹ̀. Bí o bá rí i ní ìlú ńlá níbẹ̀, bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́.

Ṣùgbọ́n awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu. Fèrè ọkọ̀ náà ń ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè lọ́jà, àwọn ènìyàn ń sá kúrò lọ́nà, bẹ́ẹ̀ òun ń rọra wà á bí ẹni gbé ẹyin. Ọmọ mi ń pariwo lẹ́yìn pé òun kú òun kú. Mo ní kí awakọ̀ sáré. Ó ní, Màmá, fèrè ló ń sáré bá wa, bí mo bá fi ẹsẹ̀ tèmi kún un, egungun tó ṣẹ́ sí méjì yóò di mẹ́ta kí a tó débẹ̀. Mo ní ọmọ mi ń ké, òun kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ní ẹni tó ń pariwo ní ẹni tó wà nítòsí rẹ̀, ọ̀nà kò ní ẹlòmíràn ju òun lọ. Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Mo wá béèrè ohun tó máa ń ṣe bí aláìsàn bá kú sí i lọ́wọ́. Ó ní òun máa ń fọ ọkọ̀. N kò béèrè mọ́, o sì mọ̀ mí.

Ní àgbàlá ilé ìwòsàn ni mo ti rí ẹni tó ń wa ọkọ̀ òkú, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo bi òun náà. Ó ní èrò òun kì í ṣàwáwí, àwọn tó ń tẹ̀ lé ọkọ̀ ni wàhálà. Ó ní ojú òun kò gbọdọ̀ dùn, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ korò ju ojú ẹni tó ni òkú lọ. Mo ní iṣẹ́ ojú gan-an ni. Ó fún mi ní ẹ̀pà.

Nígbà tó di àárọ̀ òní, mo gbé fọ́ọ̀mù wá sọ́dọ̀ Aránṣọ. Ó wọ dígí ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka òkè ìwé náà. Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀. Ìkíni ló wà lókè ìwé, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn wọ̀nyí kò sì mọ̀ mí, kí ni wọ́n ń kí mi sí, kó bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Àpótí kéékèèké márùn-ún ló wà níwájú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ení, èjì, títí dé àrún. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà, mo sì sọ fún Aránṣọ pé ẹlẹ́rìí ní í fi ọwọ́ ara rẹ̀ sàmì. Ó ń kà, mò ń sàmì. Ṣé ó máa ń tètè débi iṣẹ́? Mo sàmì sí ení. Ta ni kò mọ̀ pé ipò kìíní ló ga jù nílé ìwé? Ìwé àbájáde bàbá rẹ, ení yẹn ni mo máa ń wá nínú rẹ̀ lọ́dọọdún, n kò rí i rí. Ṣé ojú rẹ̀ ríran jìnnà? Ení. Ṣé ó jìnnà sí ọtí? Ení. Ṣé ó ń pa òfin mọ́? Ení.

Ṣé ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀ nígbà tí nǹkan burúkú bá ṣẹlẹ̀? Mo dúró lórí èyí. Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ tí iná jó yàrá ẹrù, ọmọ ọdún méjìlá ni ọ́. Gbogbo àgbà ilé ń kígbe omi, kò sẹ́ni tó gbé garawa. Ìwọ ka orí wa, o ní ẹnì kan kù, o lọ fa bàbá bàbá rẹ jáde lórí ibùsùn, o tú okùn ewúrẹ́, o ti ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má bàa wọlé. Lẹ́yìn náà o bọ́jú, o gbé àpò rẹ, o lọ sílé ìwé. Mo sàmì sí ení, mo tún fa igi lé e.

Wọ́n béèrè sùúrù. Mo sàmì sí àrún, ẹ̀yìn pátápátá. Wọ́n béèrè àṣírí. Àrún. Mo mọ̀ pé o bẹ̀ mí. Mo tẹ àtàǹpàkò mi síbẹ̀, ó hàn dáadáa.

Bí a ṣe ń dúró kí tàdáwà gbẹ, Aránṣọ ní kí òun kàn ka ìkíni yẹn fún ìgbádùn. Ó kà á dé ìdajì, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Kì í ṣe ìkíni. Wọ́n ní àrún ló ga jù, ení túmọ̀ sí pé kò ní in rárá, wọ́n sì ní fọ́ọ̀mù tí a bá pa nǹkan rẹ́ lórí rẹ̀, àwọn yóò jù ú nù. Èmi ò mọ irú ilé tí wọ́n ti tọ́ wọn tí wọ́n fi ń fi òfin sí ibi ìkíni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti bọ́ sódì. Gẹ́gẹ́ bí àtàǹpàkò mi ṣe wí, o ń pẹ́ lẹ́yìn, o fọ́jú, ọ̀mùtí ni ọ́, arúfin ni ọ́, bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀ o máa ń sá. Ìwà méjì tí o kò ní, sùúrù àti àṣírí, òun nìkan lo wá ní.

Aránṣọ ní kí á sọ pé eku jẹ ẹ́, kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́. Mo ní n kò tíì purọ́ mọ́ eku rí, bẹ́ẹ̀ àyè òmíràn kò sí, àárọ̀ ọ̀la ni bọ́ọ̀sì ń lọ. A jókòó. Mo wá ní kó yí ìwé náà padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, wọn kò sì ṣòfin kankan lórí ẹ̀yìn. Mo ní kó mú bírò. Ohun tó kọ nìyí, kí o lè mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bi ọ́:

Ẹ̀yin tí ẹ ni fọ́ọ̀mù, èmi ni mo tọ́ ọmọbìnrin yìí. Òdì aṣọ ni mo rán sí yín níwájú, ẹ yí i padà kí ẹ tó wò ó. Ibi tí mo ti sàmì sí ení, ó ní in dáadáa. Ibi tí mo ti sàmì sí àrún, kò ní in, mo sì ti gbìyànjú títí ó fi sú mi. Ẹ má fún un ní ọ̀gá, nítorí kí oṣù tó parí, ọ̀gá náà yóò gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ kò sọ fún un rí, àdúgbò yóò sì gbọ́ àṣírí rẹ̀. Ẹ má fún un ní ọmọ ilé ìwé, kò ní sọ ọ̀kan nù, ṣùgbọ́n yóò bá gbogbo ìyá wọn jà tán. Ẹni tó dùbúlẹ̀ tó ṣì ń mí ni kí ẹ fún un. Kò ní sáré, kò ní ké, kò ní wẹ̀yìn. N kò bẹ̀ yín, mo kàn ń sọ fún yín ni. Ẹ tún béèrè nísàlẹ̀ bóyá èmi fúnra mi lè wọ ọkọ̀ tó bá ń wà, ẹ kò sì fi àpótí síbẹ̀. N kò fẹ́ràn ọkọ̀. Bí mo bá ní ẹsẹ̀, n kò ní wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí n kò bá ní ẹsẹ̀ mọ́, òun ni kí ẹ rán wá.

Mo tún tẹ àtàǹpàkò sábẹ́ rẹ̀. Aránṣọ ní inú yóò bí ọ. Mo ní kó bí ọ, ó sàn ju kí wọ́n gbé ọ sí ẹnu géètì kan nínú aṣọ funfun, kí o máa gbé ìbínú mì títí ikùn rẹ yóò fi wú. Bí wọ́n bá sì ní àwọn kò gbà ọ́ nítorí mi, wá sílé, wá sọ ọ́ lójú mi, kì í ṣe lórí fóònù, nítorí fóònù Aránṣọ kì í jẹ́ kí n rí ojú ẹni tó ń bínú.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí á pe mọlémọlé gidi wá sí ìdajì ògiri tó kù, àwọn ewúrẹ́ ará ilé kejì ti sọ ẹ̀yìnkùlé wa di ti bàbá wọn. Tún ra bàtà tí ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ rọ̀ fún mi, ìwádìí tí mo ṣe yìí ti jẹ tèmi tán. Bí kò bá sí lọ́wọ́, ó di ìgbà tí o bá gba owó oṣù àkọ́kọ́.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ojú rẹ ṣí lójú ọ̀nà. Bíréèkì yóò gbọ́ tìrẹ. Ibi tí o bá ń lọ kò ní jìnnà jù fún ẹni tó ń retí rẹ. Gbogbo ẹni tí o bá gbé ní ìdùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọn yóò fi rìn padà sílé.

Èmi ni, ìyá tó bí bàbá rẹ.